Kílàásì wo lọmọ yín fẹ́ wọ̀ ní SS1? Àǹtí Kánsẹ́lọ̀ dáhùn lẹ́tà yín

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́tà tó wọlé lórí ọ̀rọ̀ yíyan sábújẹ́ẹ̀tì pọ̀ débi pé mo ní láti ti ìbéèrè àwọn tọkọtaya sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ṣe sùúrù, ìjà yín ò ní sá lọ. Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe BECE, ìdánwò àṣekágbá JSS3, tán ló ń múra àtiwọ SS1, ilé sì ti ń gbóná, bàbá ń fà á síbí, ìyá ń fà á sọ́hùn-ún, ọmọ ti ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Mo mú lẹ́tà márùn-ún jáde. Èyí àkọ́kọ́ ni mo máa pẹ́ lórí ẹ̀ jù, torí àfi bí ẹni pé inú ilé kan náà ni gbogbo yín ti ń kọ̀wé sí mi.

*

Àǹtí Kánsẹ́lọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ parí JSS3, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Ó mọ̀wé, kò ṣe ju ipò kẹta lọ rí. Rìsọ́ọ̀tì BECE ẹ̀ dé, ó ní A nínú Íńgílíìṣì àti Yorùbá, B nínú Máàsì, C nínú Basic Science. Ó lóun fẹ́ di lọ́yà, tàbí kóun máa ka ìròyìn. Bàbá ẹ̀ ní ṣé orí ọmọ náà dàrú ni, pé ọmọ tó mọ̀wé tó báyẹn kọ́ ló yẹ kó lọ jókòó sí kílàásì áàtì, pé tó bá ṣe sáyẹ́ǹsì ó ṣì lè padà ka Lọ́ọ̀ àmọ́ tó bá ṣe áàtì kò lè di dókítà láéláé. Ilé ẹ̀kọ́ náà ti kọ orúkọ ẹ̀ sí SS1 Sáyẹ́ǹsì torí pé àfíréèjì ẹ̀ ga. Ọmọ ò bá bàbá ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ Àìkú, èmi ò sì mọ ẹ̀yìn ẹni tí mo máa wà.

Ìyá Tó Wà Láàárín

Ìyá ọmọ, ẹ kú ìfaradà o. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ibi tí bàbá ọmọ ti rí i re, kí wọ́n má baà ka ìwé yìí tán kí wọ́n ní obìnrin ẹgbẹ́ yín ló gbè yín lẹ́yìn. Òótọ́ ni pé ọmọ tí ò bá ṣe Físíìsì, Kẹ́mísìrì àti Bàọ́lọ́jì ò lè ka Mẹ́dísìn, kò sí ọ̀nà kọ̀rọ̀ kankan tó wọ ibẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn pẹ̀lú Íńgílíìṣì ló máa ṣe ní JAMB, yunifásítì á sì tún béèrè kírẹ́díìtì nínú gbogbo ẹ̀ àti Máàsì lórí WAEC ẹ̀. Nọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀, Fámásì bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá fi Máàsì rọ́pò Bàọ́lọ́jì nínú ti JAMB, ó di ẹnjiníà nìyẹn. Nǹkan míì tún wà tí àwọn òbí tó ń jà fún sáyẹ́ǹsì mọ̀ lára àmọ́ tí wọn kì í rẹ́nu sọ, òun ni pé àwọn sábújẹ́ẹ̀tì kan wà tọ́mọ lè dá kà nílé lẹ́yìn tó bá jáde tán tí á sì yege, Gọ́fánmẹ́ǹtì wà níbẹ̀, CRS àti IRS wà níbẹ̀, kódà Lítíréṣọ̀ wà níbẹ̀ tó bá ti rí àwọn ìwé tí WAEC yàn rà tó sì kà á dáadáa. Kẹ́mísìrì ò rí bẹ́ẹ̀. Kẹ́mísìrì lóun fẹ́ kó o di ìgò mú, kó o máa da ásíìdì sí i díẹ̀díẹ̀, kó o máa wo àwọ̀ ẹ̀ bó ṣe ń yí, ọmọ tí ò bá sì dé láàbù fún ọdún mẹ́ta, ìwé kíkà nìkan ò lè gbà á.

Ibi tí ọ̀rọ̀ bàbá ti wọ́ ni pé ó lè fi sáyẹ́ǹsì padà ka Lọ́ọ̀. Ẹ bi wọ́n, pẹ̀lú sábújẹ́ẹ̀tì wo? Ọ̀pọ̀ yunifásítì ló máa ń béèrè kírẹ́díìtì Lítíréṣọ̀ kí wọ́n tó fún èèyàn ní Lọ́ọ̀, JAMB náà sì máa fẹ́ kó ṣe Íńgílíìṣì pẹ̀lú mẹ́ta látinú sábújẹ́ẹ̀tì áàtì tàbí sóṣíà sáyẹ́ǹsì. Ọmọ kílàásì sáyẹ́ǹsì kì í sábà ṣe Lítíréṣọ̀, torí àkókò tí àwọn ará áàtì ń ṣe Lítíréṣọ̀ gan-an làwọn sáyẹ́ǹsì ń ṣe Físíìsì. Tó bá wá di pé SS3 parí tó ṣì lóun fẹ́ Lọ́ọ̀, á jẹ́ pé ó máa jókòó sílé, á ra fọ́ọ̀mù GCE, ìyẹn WAEC tí ẹni tó ti kúrò nílé ẹ̀kọ́ ń ṣe, á kọ́ Lítíréṣọ̀ àti Gọ́fánmẹ́ǹtì látìbẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ ẹ̀ á sì ti wà ní 100 level. Ó ṣeé ṣe o, mi ò ní kò ṣeé ṣe, àwọn kan ti ṣe é. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má pè é ní nǹkan tó rọrùn.

Nǹkan tó tún wà ńbẹ̀ ni pé kéèyàn jókòó sí kílàásì sáyẹ́ǹsì yàtọ̀ sí kéèyàn yege nínú sáyẹ́ǹsì. Lórí WAEC, A1 dé C6 ni yunifásítì ń pè ní kírẹ́díìtì, D7 àti E8 jẹ́ pé o páàsì lásán, wọn ò ní kà á mọ́ ọn, F9 ò sì lórúkọ méjì. Ọmọ tó bá ti inú sáyẹ́ǹsì jáde pẹ̀lú D7 nínú Físíìsì àti E8 nínú Kẹ́mísìrì, tí ò sì ṣe Lítíréṣọ̀ tí ò ṣe Gọ́fánmẹ́ǹtì, kò lè ka Mẹ́dísìn, kò lè ka Lọ́ọ̀. Irú wọn pọ̀ nígboro tí wọ́n ń ra fọ́ọ̀mù lọ́dọọdún, kì í sì í ṣe pé wọn ò mọ̀wé.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí àfíréèjì. Mi ò fẹ́ràn kí ilé ẹ̀kọ́ máa fi àfíréèjì pín ọmọ, kí wọ́n wò ó pé o gbéwájú, ó yá, sáyẹ́ǹsì, o wà láàárín, ó yá, kọmáṣà, o gbẹ́yìn, máa lọ sí áàtì. Ìwà yẹn ló jẹ́ káwọn ọmọ áàtì máa rìn bí ẹni tó jẹ gbèsè. Àfíréèjì ọmọ yín ga torí ó ní A nínú Íńgílíìṣì àti Yorùbá, àwọn méjèèjì yẹn ló gbé e sókè, C tó wà nínú Basic Science sì fara pa mọ́ sábẹ́ wọn. Sábújẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo yẹn ló máa pín sí mẹ́ta ní SS1 o, Físíìsì, Kẹ́mísìrì, Bàọ́lọ́jì.

Síbẹ̀ ẹ má torí C kan dájọ́. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe rèé. Ẹ kó ìwé ìdánwò JSS3 ẹ̀ jáde, ti Máàsì àti ti Basic Science, àwọn tí tíṣà ti fi bírò pupa máàkì, kí ẹ̀yin àti bàbá ẹ̀ jókòó tì í, kẹ́ ẹ má wo iye tó gbà lókè, kẹ́ ẹ máa wo ibi tí máàkì ti ń jábọ́. Nínú Máàsì, ó lè jẹ́ pé tí wọ́n bá kọ ìbéèrè náà ní lẹ́tà àti nọ́ńbà fún un á ṣe é délẹ̀, àmọ́ tí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ sọ ọ́, pé ọjọ́ orí bàbá jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ti ọmọ, nígbà tó bá di ọdún méjìlá sí i á di ìlọ́po méjì, á fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan. Nínú Basic Science, ẹ wò ó bóyá gbogbo ibi tí wọ́n ti ní kó ṣàlàyé ló ti gba máàkì tó pé, tó sì fo gbogbo ibi tí nọ́ńbà wà. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló rí, Físíìsì máa ni ín lára gan-an, torí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí tọ́píìkì kan nínú Físíìsì SS1 tí kì í parí sí kálkuléṣọ̀n. Kẹ́mísìrì náà á kọ́kọ́ rọ̀ ọ́ lọ́rùn, tó bá wá kan ibi tí wọ́n ti ń ṣírò móòlù, ojú á là. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá rí i pé àìrójú ló fa C yẹn, pé ó mọ ọ̀nà ẹ̀, kàn ń ṣi nọ́ńbà ṣe ni, tàbí tíṣà wọn kò wá fún odindi táàmù kan, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ bàbá ẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nìyẹn o, kẹ́ ẹ sì gbọ́ ọ.

Tẹ́ ẹ bá ti rí ibi tí máàkì ń jábọ́, ó ku ìwé kan. JAMB ní bróṣọ̀ tí wọ́n kọ ohun tí kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ń béèrè sí, ó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń pè é ní IBASS, ọ̀fẹ́ ni. Kí ọmọ kọ kọ́ọ̀sì mẹ́ta tó wù ú, kí bàbá kọ méjì tiẹ̀, kẹ́ ẹ wá kọ sábújẹ́ẹ̀tì tí ìkọ̀ọ̀kan ń fẹ́ síwájú ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìjà tí mo ti rí láàárín òbí àtọmọ, orí ìwé yẹn ló parí sí, torí ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń rí i pé orúkọ kílàásì làwọn ń bá ara wọn jà lé, pé sáyẹ́ǹsì, áàtì, bẹ́ẹ̀ sábújẹ́ẹ̀tì ni yunifásítì ń kà, kò sí ẹni tó máa bi í ní kílàásì tó jókòó sí. Bí àpẹẹrẹ, WAEC ò gba kó dín sí sábújẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ, kò sì gbọ́dọ̀ ju mẹ́sàn-án lọ. Íńgílíìṣì àti Máàsì ti mú méjì, ilé ẹ̀kọ́ máa fún un ní èyí tí ìjọba ní kí gbogbo ọmọ ṣe, títí kan tréédì, ìyẹn sábújẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ ọwọ́. Àwọn tó kù ni ẹ ní láti rò. Tó bá mú Lítíréṣọ̀, Gọ́fánmẹ́ǹtì, CRS tàbí IRS, kó wá mú Ẹkọnọ́míìsì mọ́ ọn, pẹ̀lú Jọ́gíráfì tí àyè bá ṣì wà, ọmọ yẹn lè ka Lọ́ọ̀, ó lè ka Más Kọ̀m, ó lè ka Pólítíkà Sáyẹ́ǹsì, ó sì lè ka Ẹkọnọ́míìsì gan-an torí Máàsì àti Ẹkọnọ́míìsì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ fi èyí han bàbá ẹ̀. Mo mọ̀ pé nínú ọkàn wọn lọ́hùn-ún, tíátà ni wọ́n rò pé gbogbo ọmọ áàtì ń lọ ṣe (tíátà náà níṣẹ́ o, àmọ́ ìyẹn ń bọ̀ lọ́jọ́ míì).

Ní ti ọmọ fúnra ẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó lóun fẹ́ ṣe lọ́yà, ó lè jẹ́ wíìgì funfun yẹn ló wù ú. Ẹ mú un lọ sí kóòtù lásìkò họlidé. Kóòtù ò tì mọ́ ará ìlú, ẹ lè jókòó sẹ́yìn kẹ́ ẹ máa wò, kí ẹ ṣáà wọṣọ tó bójú mu, kẹ́ ẹ pa fóònù, kẹ́ ẹ má sọ̀rọ̀. Kó jókòó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sún ẹjọ́ síwájú látàárọ̀ títí dọ̀sán, kó rí lọ́yà tó ń wá ojú ìwé nínú fáìlì tó ga bí àpótí. Tó bá délé tó ṣì ń sọ nípa ẹ̀ tọkàntọkàn, ẹ tètè máa wá owó ìwé Lítíréṣọ̀.

Èrò tèmi, pẹ̀lú ohun tẹ́ ẹ kọ, áàtì tó ní Ẹkọnọ́míìsì nínú ni mo máa mú fún un, àyàfi tí ìwé ìdánwò yẹn bá sọ nǹkan míì. Ẹ tètè lọ bá ilé ẹ̀kọ́, ọ̀pọ̀ wọn máa ń gbà kí ọmọ pààrọ̀ kílàásì láàárín táàmù àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á ní ó ti pẹ́. Kẹ́ ẹ sì béèrè ìwé tó ń ṣàlàyé sábújẹ́ẹ̀tì tuntun lọ́wọ́ wọn, torí ìjọba yí kárííkúlọ̀ọ̀mù padà ní 2025, ohun tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ṣe lè máà jẹ́ òun ló máa ṣe. Ẹ̀yìn ẹni tẹ́ ẹ máa wà? Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná, ẹ ní kí ọmọ lọ kí bàbá ẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la, kó kúnlẹ̀ dáadáa, kó ní òun fẹ́ kí wọ́n bá òun wo ìwé ìdánwò òun. Bàbá wo ló máa kọ̀?

*

Ẹ káàsán mà. SS2 kọmáṣà ni mo wà, táàmù kìíní. Kọ̀ǹpútà sáyẹ́ǹsì ni mo fẹ́ kà ní yunifásítì, mo ti ń kọ kóòdù lórí fóònù bàbá mi. Mo gba 68 nínú Máàsì ní táàmù tó kọjá. Ọ̀rẹ́ mi kan wá sọ pé mi ò lè ka kọ̀ǹpútà torí mi ò ṣe Físíìsì. Ṣé òótọ́ ni mà? Mi ò tíì sọ fún wọn nílé.

Ọmọ Kọ́máàsì

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Òótọ́ lọ̀rẹ́ ẹ sọ. Íńgílíìṣì, Máàsì, Físíìsì pẹ̀lú ọ̀kan sí i ni JAMB ń béèrè fún kọ̀ǹpútà sáyẹ́ǹsì, ọ̀pọ̀ yunifásítì sì fẹ́ kírẹ́díìtì Físíìsì lórí WAEC. Ẹni tó yẹ kó ti sọ fún ẹ ní JSS3 ni inú ń bí mi sí, kì í ṣe ìwọ.

O ò tíì pẹ́ jù. Ohun àkọ́kọ́, sọ fún àwọn òbí ẹ lónìí, má dúró dọ̀la, torí táàmù kìíní yìí ló ṣì lè ṣeé ṣe kí ilé ẹ̀kọ́ jẹ́ kó o mú Físíìsì kún un, tí àyè bá wà nínú mẹ́sàn-án tó o máa fi sílẹ̀ fún WAEC. Wo èyí tí kọ́ọ̀sì tó wù ẹ́ ò béèrè, Kọ́máàsì tàbí Akáúǹtì, kó o bi wọ́n bóyá o lè fi ọ̀kan sílẹ̀. Tí wọ́n bá gbà, o máa ní láti wá ìwé Físíìsì SS1 kà fúnra ẹ, bẹ̀rẹ̀ láti orí ìṣípòpadà, fóòsì àti bí wọ́n ṣe ń fa gíráàfù, 68 tó o ní nínú Máàsì á gbè ẹ́, èmi mọ̀ ọ́n. Máa tẹ̀ lé àwọn ọmọ sáyẹ́ǹsì lọ sí láàbù, kódà tí tíṣà bá ní ẹ̀yìn ni kó o dúró sí.

Tí ilé ẹ̀kọ́ bá ní rárá, parí kọmáṣà ẹ dáadáa, kó o wá lọ fi Físíìsì ṣe GCE lẹ́yìn náà. Ọ̀pọ̀ yunifásítì máa ń gba ìjókòó méjì pa pọ̀, ìyẹn èsì WAEC ẹ àti ti GCE. Àwọn tó ń ṣe GCE kì í wọ láàbù fún práktíkà Físíìsì, orí ìwé ni wọ́n ti ń bi wọ́n, wọ́n á ya irinṣẹ́ náà síbẹ̀ pé kí lo rí, kí ni nọ́ńbà tó wà lórí ẹ̀. Ó rọrùn fún ẹni tó ti fọwọ́ kan irinṣẹ́ yẹn rí, ó sì le bí ojú ẹja fún ẹni tí ò rí i rí, ìdí tí mo fi ní kó o tẹ̀ lé wọn lọ sí láàbù nìyẹn.

Má sì dá kóòdù dúró. Fóònù bàbá ẹ ò ní kó o mú Físíìsì wá. Ṣùgbọ́n má fi í ṣe àwáwí láti sá fún Físíìsì.

*

Ẹ̀gbọ́n, ilé ẹ̀kọ́ ní kí ọmọkùnrin mi yan ọ̀kan nínú Yorùbá àti Jọ́gíráfì. Yorùbá tá à ń sọ nílé yìí, kí ni wọ́n tún fẹ́ kọ́ ọ níbẹ̀? Ṣé kò ní í fi àyè ṣòfò ni? Ẹnjiníà ló fẹ́ ṣe.

Bàbá Ẹnjiníà

Bàbá Ẹnjiníà, ẹ jọ̀ọ́, fáwẹ́lì àránmúpè mélòó ló wà nínú Yorùbá? Tẹ́ ẹ bá dáhùn pé márùn-ún láì bi ẹnikẹ́ni, ẹ ti gbọ́n ju ọ̀pọ̀ ọmọ tó gba F9 nínú ẹ̀ lọ. Yorùbá WAEC kì í ṣe èyí tá à ń sọ nílé, wọ́n á ní kó kọ àròkọ, kó fi àmì sórí ọ̀rọ̀, kó tú gbólóhùn palẹ̀, kó sọ̀rọ̀ lórí ewì, oríkì, ìsìnkú, oyè jíjẹ. Àwọn ọmọ tó ń fojú di í ló ń ṣubú níbẹ̀ jù, wọn ò ní ṣí ìwé títí ọjọ́ ìdánwò.

Fún ọmọ tó fẹ́ ṣe ẹnjiníà, Máàsì, Físíìsì, Kẹ́mísìrì, Íńgílíìṣì ni gbogbo nǹkan dúró lé, ìkarùn-ún sì máa ń jẹ́ Bàọ́lọ́jì, Fọ́dà Máàsì tàbí irú wọn. Nítorí náà kò sí èyí tó máa ba tiẹ̀ jẹ́ nínú méjèèjì. Tí ọkàn ẹ̀ bá lè yí padà sí àwòrán ilé yíyà tàbí ìwọnlẹ̀, Jọ́gíráfì dáa, ọ̀pọ̀ yunifásítì máa ń kà á fún irú kọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀. Tí kò bá lè yí padà, kó ṣe èyí tó máa gba A1 nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní kí n fi ojú ara mi wò ó, Yorùbá ni mo máa sọ, ẹ sì ti mọ̀ pé n kò ní sọ nǹkan míì.

*

Ẹ kú iṣẹ́. A gbọ́ pé ìjọba ti ní káwọn ọmọ áàtì má ṣe Máàsì mọ́. Ọmọ mi ti gbọ́ o, ó ti kó ìwé Máàsì ẹ̀ fún àbúrò ẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Òbí Kan

Ẹ gba ìwé yẹn padà lọ́wọ́ àbúrò ẹ̀ kíá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ní oṣù kẹwàá 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde ìlànà tuntun fún gbígba ọmọ wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, wọ́n ní àwọn tó fẹ́ ka kọ́ọ̀sì áàtì ò ní láti ní kírẹ́díìtì Máàsì dandan mọ́. Ariwo sọ, àwọn ọmọ ń jó. Kò pẹ́ rárá tí mínísírì ẹ̀kọ́ tún fi jáde láti ṣàlàyé pé gbogbo ọmọ ló ṣì máa fi Íńgílíìṣì àti Máàsì sílẹ̀ nínú WAEC àti NECO. Ìyẹn ni pé ó máa jókòó ṣe é, ìyàtọ̀ ẹ̀ kàn ni pé tó bá ṣubú nínú ẹ̀, ìyẹn nìkan ò ní dí i lọ́wọ́ láti wọlé ka irú kọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀.

Ọmọ tó bá sì sọ pé áàtì lòun, tó wá di SS3 tó ní Ẹkọnọ́míìsì tàbí Bíísínẹ́ẹ̀sì Ádímín lòun fẹ́, Máàsì ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Ìlànà tuntun yẹn ò kàn án mọ́. Ẹ ò sì lè mọ ohun tí ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún máa fẹ́ lọ́dún mẹ́ta sí i, òun gan-an ò mọ̀ ọ́n. Tí Máàsì bá ń ṣòro fún un, ẹ wá tíṣà ilé fún un, ẹ sọ fún un pé C6 lẹ̀ ń wá, ẹ ò wá A1. Ìbẹ̀rù á kúrò lọ́kàn ẹ̀ díẹ̀.

*

Àǹtí, ṣé dandan ni kí sábújẹ́ẹ̀tì tọ́mọ ṣe ní JAMB wà nínú WAEC ẹ̀? Ọmọ mi fẹ́ fi Gọ́fánmẹ́ǹtì, CRS àti Lítíréṣọ̀ ṣe JAMB, kò sì tíì mọ kọ́ọ̀sì tó fẹ́, ó ní òun máa yàn án tí èsì bá dé.

Ìyá Kékeré

Ìyá Kékeré, ibi méjì lẹ máa wò nínú bróṣọ̀ yẹn: ibi tí wọ́n kọ ohun tí wọ́n fẹ́ lórí WAEC sí, àti ibi tí wọ́n kọ sábújẹ́ẹ̀tì JAMB sí. Wọ́n lè jọra, wọ́n sì lè máà jọra. Sábújẹ́ẹ̀tì kan lè wà nínú JAMB ẹ̀ tí kò sí nínú WAEC ẹ̀, JAMB ò ní lé e kúrò lórí kọ̀ǹpútà, àmọ́ tí yunifásítì bá lóun fẹ́ kírẹ́díìtì sábújẹ́ẹ̀tì yẹn, kò ní rí i mú jáde.

Èyí tó lóun máa yàn tí èsì bá dé ló bà mí lẹ́rù jù. JAMB máa ń gbà kí èèyàn pààrọ̀ kọ́ọ̀sì àti ilé ẹ̀kọ́ lẹ́yìn ìdánwò, òótọ́ ni, àmọ́ sábújẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tó jókòó fún ti wà níbẹ̀ nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè bá a pààrọ̀ ẹ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀. Pẹ̀lú mẹ́ta tó mú yẹn, ó ṣì lè lọ sí Lọ́ọ̀, Más Kọ̀m, Íńgílíìṣì, Ìtàn àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kò lè lọ sí Akáúǹtì, kò lè lọ sí Ẹkọnọ́míìsì. Tí ọkàn ẹ̀ bá ń ṣe méjì lórí àwọn yẹn, kó yọ CRS, kó fi Máàsì sí i, kó yọ Gọ́fánmẹ́ǹtì tàbí Lítíréṣọ̀, kó fi Ẹkọnọ́míìsì sí i. Kó sì ṣe é kó tó lọ forúkọ sílẹ̀, torí ojú ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yàn án.